Ẹ̀yìn Bàbá Ọkọ

Ìyàwó mi ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó wò mí bí mo ṣe fi ọwọ́ méjèèjì di etí dúrọ́ọ̀mù mú, tí mo tẹ̀ síwájú bí ọrun, ó ní, "Bàbá wọn, ṣé omi lẹ̀ ń kí ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn mí dé ìdí.

Omi ìwẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bù. Ẹ̀yìn mi, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí bẹ́líìtì máa ń gbà kọjá, gan pa. Kì í ṣe pé nǹkan já níbẹ̀, kì í sì í ṣe pé nǹkan dún. Ó kàn kọ̀ ni, bí ìlẹ̀kùn tí òjò ti mú wú. Ìyàwó mi fà mí lápá títí mo fi dé orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo jókòó tán, ó béèrè ohun tí èmi náà ń bi ara mi.

"Ìsẹ̀ ńkọ́?"

Bí ó bá jẹ́ ìgbà mìíràn ni, ǹ bá pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n oṣù tó ń bọ̀ ni a máa lọ sí Ìsẹ̀ láti lọ tọrọ ọmọ fún ọmọ mi ọkùnrin, ilé tí a sì ń lọ, ẹ̀yìn ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ẹnu lọ. Bàbá àgbà ọmọbìnrin tí a fẹ́ tọrọ ló tọ́ ọ dàgbà. Hẹ́dímásítà ni baba yìí, ó ti ṣiṣẹ́ láti Èmùré títí dé Ògòtún, ó sì ti fẹ̀yìn tì kí èmi akọ̀ròyìn tó kọ ìròyìn àkọ́kọ́ mi. Òfin kan ló ní nípa ìtọrọ ọmọ: bàbá ọkọ ni yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, kí ọkọ tó dọ̀bálẹ̀. Àyà gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀.

Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wo ẹ̀yìn mi bí ẹni ń wo táyà tó fẹ́ fi rin ìrìn àjò. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò tíì sọ fún wa tẹ́lẹ̀.

"Dádì, wọ́n ti wá tọrọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Bàbá ọkọ yẹn bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀, ó sì nàró. Bàbá àgbà wọn wá ń wo abẹ́ tábìlì kiri. Wọ́n ní, 'Kí ló bọ́ lọ́wọ́ yín? Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan iná, kẹ́ ẹ rí i mú.'"

"Àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín?"

"Gbogbo ilé. Wọ́n fún wọn ní ìrẹsì, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lọ. Títí di òní, kò sẹ́ni tó tún pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà nílé."

Mo bi í bóyá a kò lè ránṣẹ́ ṣáájú pé ara mi kò yá. Ó mi orí.

"Bàbá ọjọ́sí náà ní orúnkún ń dun òun. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín tán ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà wọn ní, 'Orúnkún? Ẹ máa mú àwo ìrẹsì tiwọn wá.'"

Ó dìde, ó lọ sí yàrá rẹ̀. N kò gbọ́ ìró rédíò níbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó ba ẹ̀yìn mi jẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé ikùn mi ti ń ṣáájú mi wọlé, kí n máa ṣe eré ìdárayá. Nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò wa ní Ìkẹ́rẹ́, lábẹ́ àpáta, àwọn kan máa ń pàdé lórí pápá láàárọ̀ Sátidé: tíṣà, olùkọ́ yunifásítì, òṣìṣẹ́ kànsù. Wọn kò ní irin kankan tí wọ́n ń gbé. Kóòṣì wọn, ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré ìdárayá, máa ń fọn fèrè, á sì kígbe pé, "Ara yín ni irinṣẹ́ yín!" Mo tó bí i lọ́mọ dáadáa, ṣùgbọ́n "ẹ̀yin ọmọ mi" ló máa ń pè wá.

Ohun tí ó ń kọ́ wa kò ju mẹ́rin lọ. Pọ́ṣọ́ọ̀pù, kí èèyàn dojú bolẹ̀ kó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè. Sítọ́ọ̀pù, kí ó nà sílẹ̀ gbalaja kó sì fi agbára ikùn dìde jókòó. Ìlóṣòó. Àti frọ́ọ̀gì jọ́mpù, fífò bí ọ̀pọ̀lọ́, èyí tí wọ́n fi jẹ wá níyà nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí mo wá ń fi ọwọ́ ara mi ṣe báyìí, tí mo ń làágùn, tí inú mi sì ń dùn. Olùkọ́ yunifásítì kan ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń ṣe pọ́ṣọ́ọ̀pù bí ẹni ń mu omi. Bí ó bá ṣe é, èmi náà á ṣe é. Bí ó bá fi kún un, èmi náà á fi kún un. Kò mọ̀ rárá pé mo ń bá òun díje. Mo bi í lẹ́yìn ìgbà náà, ó ní, "Ọ̀gá, ojú mi wà nílẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ìyàwó mi fi aṣọ tó rì bọ omi gbígbóná jó ẹ̀yìn mi, ó fi róòbù pa á. Ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo jáde lọ síbi iṣẹ́, ó sì di pé gbogbo ìlú ní ń wò mí sàn.

Ọlọ́kadà tó gbé mi rí bí mo ṣe ń gun ọ̀kadà rẹ̀, bí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ. Ó ní, "Bàbá, jẹdí ni."

Mo ní, "Pọ́ṣọ́ọ̀pù ni."

"Pọ́ṣọ́ọ̀pù kọ́ ló ń dun ẹ̀yìn, Bàbá. Jẹdí ni. Pọ́ṣọ́ọ̀pù kàn jí i ni. Ẹ̀ ń mu ṣúgà jù."

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ ọ́ lórí fóònù láti Ìgbàrà-Odò, láìrí mi, kí n tó ṣàlàyé tán: "Ẹ̀yìn? Jẹdíjẹdí ni. Bàbá wa náà ní in." Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀yìn kan kò lè dun èèyàn lásán, ìdí ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún àwọn akọ̀ròyìn kéékèèké pé bí ẹlẹ́rìí mẹ́wàá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́, mo ra àgbo jẹdí. Ó korò dé ọkàn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ilé ìyàgbẹ́ ni mo ń sá lọ, ìjókòó àti ìdìde níbẹ̀ sì burú fún ẹ̀yìn mi ju ohunkóhun tí kóòṣì ti fi ojú mi rí lọ.

Ìyàwó mi gbọ́ igbe mi láti inú ibẹ̀. Ó ní, "Ṣé jẹdí náà ń jáde?"

"Èmi ni mo ń jáde!"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ara mi ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó dá mi lójú nísinsìnyí pé ọjọ́ tó gorí ọjọ́ ló fà á. Nígbà náà, mo ní àgbo ti ṣiṣẹ́. Mo tún padà sórí pápá lọ́jọ́ Sátidé. Mo sọ fún kóòṣì pé ẹ̀yìn dùn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fi ọwọ́ gbá mi ní èjìká, ó ní, "Ìrora ló ń lé ìrora, ọmọ mi. Ẹ lọ bọ́ sórí ìlà."

A dojú bolẹ̀. Kóòṣì ń rìn kọjá láàárín wa, ó ń dá àwàdà tó máa ń dá: "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀! Èyí tí inú ń run, kó sọ̀rọ̀!"

Inú kò run mí. N kò sọ̀rọ̀. Mo lọ sílẹ̀, mo gòkè, mo tún lọ sílẹ̀, ìlẹ̀kùn tó wú yẹn sì tún tì gbọin. Fèrè dún, gbogbo wọn dìde, èmi wà níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lórí koríko tí ìrì ṣì wà lórí rẹ̀.

Olùkọ́ yunifásítì yẹn ló kọ́kọ́ rí i. "Ọ̀gá akọ̀ròyìn, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ ìròyìn láti abẹ́ ilẹ̀ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi rí ojú mi. Àwọn mẹ́ta ló gbé mi sínú mọ́tò. Kóòṣì tẹ̀lé wa dé ilé. Kò fọn fèrè mọ́, kò sì pè mí ní ọmọ mọ́. "Bàbá," ó ní, "ẹ máà bínú. Èmi náà, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ."

Dókítà físíò, àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, tí mo lọ rí nílé ìwòsàn ìjọba ní Adó jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin, ọmọ Èmùré. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bi èèyàn ní ìbéèrè, mo sì mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n bí mo bá rí i. Kò fi ọwọ́ kàn mí títí ó fi bi mí tán.

"Ṣé ìrora náà ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀?"

"Rárá."

"Ẹsẹ̀ kan kò rọ ju èkejì lọ? Kò sí ibi tó kú tipiri, pàápàá láàárín itan? Ìtọ̀ ń lọ bó ṣe yẹ, ìgbẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ?"

Mo ní ìtọ̀ ń lọ dáadáa. Ti ìgbẹ́, mo ní ó ń lọ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí àgbo jẹdí.

Ó gbé ojú sókè. "Sà, ẹ mu àgbo jẹdí fún pọ́ṣọ́ọ̀pù?"

"Ẹlẹ́rìí pọ̀ ni, Dókítà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sórí ọ̀rọ̀. Ó ní ìdí tí òun fi béèrè gbogbo ìyẹn ni pé, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí abẹ́ bá kú tipiri, bí èèyàn kò bá lè tọ̀ tàbí tí kò lè dá ìtọ̀ dúró, kí onítọ̀hún má ṣe dúró de Sátidé, kí ó má ṣe dúró de àgbo, ọjọ́ náà gan-an ni kí ó wá sílé ìwòsàn. Èmi kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ó ní iṣan ẹ̀yìn ló bínú, pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ẹni tó ni ẹ̀yìn kò bá tún lọ bú u.

Lẹ́yìn náà, ó tẹ́ ẹní kan sílẹ̀, ó ní, "Ẹ fi ọ̀kan péré hàn mí, bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é. Ẹ rọra."

Mo lọ sílẹ̀. Kí n tó dé ilẹ̀, ó ní, "Ẹ dúró. Sà, pọ́ṣọ́ọ̀pù kọ́ lẹ̀ ń ṣe yìí. Ìdọ̀bálẹ̀ ni."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ìka kan ìbàdí mi, ó fi kan ọrùn mi.

"Ẹ wò ó. Ikùn yín ló ṣáájú lọ sílẹ̀. Ìbàdí rọ̀ bí àga rọ́bà. Ọrùn wá gbé sókè, ẹ̀ ń wá ojú ẹni tẹ́ ẹ̀ ń kí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ yín, ara yín kò mọ ọ̀nà mìíràn sí ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin wa pọ̀ tí wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń kí bàbá yín, kò burú, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ta ló ń kí bàbá rẹ̀, tí yóò dìde, tí yóò tún lọ sílẹ̀, tí yóò tún dìde, títí fèrè fi máa dún?"

Mo wà lórí ẹní, mo ń rántí gbogbo Sátidé tí mo ti ń kí koríko.

Nígbà tí mo jókòó tán, mo sọ ọ̀rọ̀ Ìsẹ̀ fún un. Mo sọ ti abẹ́ tábìlì, mo sọ ti àwo ìrẹsì. Mo ní bí n kò bá lè dé ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọmọ mi ni yóò san án. Mo retí pé yóò ní kí n má lọ.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má dọ̀bálẹ̀?" ó ní. "Ìdojúbolẹ̀ gan-an wà lára oògùn yín. Lílọ sílẹ̀ kọ́ ni wàhálà. Ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà lọ àti ọ̀nà tẹ́ ẹ ń gbà dìde ni."

Ohun tó ní kí n máa ṣe kò le. Kí n má sùn kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí n sinmi, kí n tún rìn. Aṣọ gbígbóná ìyàwó mi dára, kí ó máa bá a lọ. Bí mo bá fẹ́ lo oògùn ara ríro, kí n má ṣe lò ó lórí ikùn òfo, kí n sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó tó fún mi. Lówùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí n dojú bolẹ̀ lórí ẹní fún ìgbà díẹ̀, kí n fi ìgbọ̀nwọ́ gbé àyà sókè bí ẹni tó ń ka ìwé, bí ìrora kò bá pọ̀ sí i. Kí n fi sítọ́ọ̀pù àti frọ́ọ̀gì jọ́mpù sílẹ̀ ná. Bí mo bá tún fẹ́ ṣe pọ́ṣọ́ọ̀pù, kí n bẹ̀rẹ̀ lára ògiri, ní ìdúró. Bí ìyẹn bá rọ̀ mí lọ́rùn, kí n ṣe é lára tábìlì. Lẹ́yìn náà, kí n kúnlẹ̀ ṣe é. Kí ikùn le, bí ìgbà tí ẹnì kan fẹ́ gbá mi ní ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀.

"Ìrora kékeré, ẹ bá a rìn," ó ní. "Èyí tó bá ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ ní ó sọ pé ìrora ló ń lé ìrora, ẹ bá mi kí i."

Ó wá kọ́ mi ní ìdọ̀bálẹ̀, èmi bàbá ọmọ. Orúnkún kan kọ́kọ́, kí èkejì tẹ̀lé e. Ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀, kí wọ́n máa rìn lọ síwájú. Ara á wá sọ̀ kalẹ̀ ní odidi, kí ìbàdí má ṣe ṣáájú. Láti dìde, kí n má ṣe fi agbára nàró tààrà. Kí n yí sí ẹ̀gbẹ́, èjìká àti ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtì igi, kí n fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, kí n padà sórí orúnkún.

Láti ọjọ́ náà, pálọ̀ wa di Ìsẹ̀. Ìyàwó mi á jókòó sórí àga ńlá, á wé gèlè, á sì mú ohùn rẹ̀ ki bí ti ọkùnrin.

"Bàbá ọkọ, lọ sílẹ̀."

Mo ń lọ.

"Kò tíì kàn. Mo ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ àyà yín."

"Agbádá ni."

"Agbádá kò ní ìmọ́lẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ọmọ mi máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo dé ilẹ̀, àyà kan ẹní, mo sì yí sí ẹ̀gbẹ́, mo dìde láìké. Ọmọ mi ní, "Dádì, ó pẹ́ díẹ̀." Ìyàwó mi ní, "Àgbà kì í já lulẹ̀ bí ọsàn. Kó pẹ́." Ẹ̀yìn náà kò tíì sàn tán. Bí mo bá jókòó pẹ́, á rán mi létí pé òun wà níbẹ̀.

Ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n kòtò inú rẹ̀ kò mọ bàbá ọkọ. Mo ká táwẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀yìn lórí ìjókòó bọ́ọ̀sì. Dókítà ti ní kí n má jókòó pẹ́ lójú kan, nítorí náà mo ní kí dírẹ́bà dúró lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn obìnrin ilé wa tó wà lẹ́yìn kò mọ nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, "Bàbá ọkọ yìí ń tọ̀ ju aboyún lọ. Mo ti sọ pé jẹdí ni."

Wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní pálọ̀ nígbà tí a dé. Hẹ́dímásítà jókòó lórí àga onígi, ó nàró gbọnrangandan, ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìdílé rẹ̀ yí i ká. Wọ́n kó iṣu, uṣu bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀, tí a gbé wá jọ sí apá ọ̀tún ẹní náà. Ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi. N kò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ó ṣe ń mí.

Baba náà kò kí wa púpọ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sí ulé. Bàbá ọkọ dà?"

Mo bọ́ fìlà, mo gbé e fún ìyàwó mi. Orúnkún kan. Orúnkún kejì. Ẹnì kan lẹ́yìn àga baba náà ti ń tọ́jú ẹ̀rín sẹ́nu, mo rí i: ó rò pé orúnkún ni mo máa dá dúró sí. Ọwọ́ mi rìn lọ síwájú. Mo mú ikùn le. Mo sọ̀ kalẹ̀, ìbàdí kò ṣáájú, àyà kan ẹní, àgbọ̀n kan ẹní. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lulẹ̀ gbì, bí àpò sìmẹ́ńtì.

Baba náà bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹni tó ti ṣe hẹ́dímásítà fún ọ̀pọ̀ ọdún kì í gba àdúrà kúkurú. Ó gbàdúrà fún ọkọ, ó gbàdúrà fún ìyàwó, ó gbàdúrà fún ìjọba ìpínlẹ̀. Mo gbọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn. Èmi, ní tèmi, ara mi ń rọ̀. Ohun tí mo ń ṣe lówùúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ náà ni, lórí ẹní tó dára ju tiwa lọ. Kòtò ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sọ pé, "Ẹ̀yìn yín á dára," gbogbo ilé ṣe àmín, ṣùgbọ́n tèmi ló dún jù.

"Ẹ dìde."

Àwọn ọ̀dọ́ fò dìde. Èmi yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, odidi ara, bí ìtì igi. Uṣu ló wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ mi máa gbà. N kò lè fi agbára kọjá rẹ̀, nítorí náà mo yí padà, mo dojú bolẹ̀, mo yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ibẹ̀ ṣófo. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, mo padà sórí orúnkún, mo dìde.

Hẹ́dímásítà ti na ọrùn síwájú lórí àga.

"Ẹ rí i?" ó ní. "Ẹ rí i? Ó yíká, bí wọ́n ṣe ń kí ọba láyé àtijọ́! Ó yí sí ọ̀tún, ó yí sí òsì! Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, n kò rí ẹni tó yíká nínú ulé yìí mọ́!" Ó kọjú sí àwọn ọmọ rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọwọ́ bọlẹ̀ bí adìyẹ tó ń wá ọkà, ẹ rí ẹni tí wọ́n kọ́!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ìyàwó mi ń bá wọn pa á, ojú rẹ̀ sì ń sọ fún mi pé kí n pa ẹnu mọ́.

Baba náà ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

Ìbéèrè tààrà ni. Ǹ bá ti sọ pé bàbá mi ni, ọ̀rọ̀ ì bá sì parí síbẹ̀. Mo wo ọmọ mi. Bí irọ́ bá gbé ìyàwó wálé, lọ́jọ́ wo ni a óò rí i dá padà? Mo ní, "Dókítà físíò ni, Bàbá. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Pọ́ṣọ́ọ̀pù ló bà á jẹ́. Bí wọ́n ṣe ní kí n máa dìde nìyẹn. N kò mọ̀ pé mò ń yíká. Uṣu ló dí mi lọ́nà."

Ìpàtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ní "Jésù" lábẹ́ ohùn.

Hẹ́dímásítà ní, "Ẹ̀yìn ń dùn ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O mọ̀ pé ó ń dùn ọ́, o sì lọ sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọmọ yín la wá tọrọ."

Ó mi orí. Ó kọjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Èyí ọjọ́sí, orúnkún rẹ̀ kò dùn ún títí ó fi kàn án láti lò ó." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èyí tó ń tọ́jú ẹ̀rín tẹ́lẹ̀ ló rín jù. Baba náà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún ọmọbìnrin tí a wá tọrọ, ó di apá àga mú, mo sì wá rí ìdí tó fi ń nàró gbọnrangandan bẹ́ẹ̀ lórí àga. N kò rí ìjókòó bẹ́ẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ yá. Mo ti jókòó bẹ́ẹ̀ fún odidi oṣù kan.

"Láàárọ̀, láti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì," ó ní, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀, "mo máa ń ké kí n tó lè jókòó. Àwọn wọ̀nyí rò pé orin ni mò ń kọ. Wọ́n ní jẹdí ni."

Láti ẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Wá fi hàn mí," baba náà ní. "Èyí tó o ṣe yẹn. Wá fi hàn mí."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé jáde láti ibi ìdáná. "Bàbá, ìrẹsì ń tutù!"

"Kí ó tutù. Ọmọ wa ti di tiwọn, kí ni wọ́n tún ń kánjú fún?"

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láìsí àkànṣe ohùn, bí ẹni tó ń pín ìwé ìdánwò. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti oṣù tó kọjá.

Mo sọ fún baba náà pé èmi kì í ṣe dókítà, pé kí ó lọ rí wọn ní Adó kí wọ́n bi í ní ìbéèrè tí wọ́n bi mí. Ó ní òun á lọ. Ó ní kí n ṣì fi ti ìdìde hàn òun. A kó uṣu kúrò. A mú un lọ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní yàrá, ó nà gbalaja, mo sì fi hàn án: èjìká àti ìbàdí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ sílẹ̀, ìgbọ̀nwọ́. Ó ṣe é, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó pè mí lórí fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kò kí mi. Ó ní, "Àna mi, mo yíká."

"Ṣé ó dùn yín, sà?"

"Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò kọrin." Ó tún ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti dìde?"

N kò tíì dìde. Mo ní kí ó dúró ná, mo gbé fóònù sórí ìrọ̀rí, mo sì yí sí ẹ̀gbẹ́.